Ìrun Kẹfà Nínú Aago Alfa Sàlíhù

Ẹ má pè é ní àlá. Ọ̀sán gangan ni. Hidayat tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi wà níbẹ̀, ó sì ń bẹ láyé: ẹ bi í.

Aago mọ́sálásí, èyí tó ń ké bí àkókò ìrun bá tó, là ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Táíwò Road. Èmi Toyyib ni mò ń kọ àṣẹ tí ọpọlọ kékeré inú aago ń tẹ̀ lé, lédè asẹ́ńbìlì tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń gbọ́, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkókò ìrun márààrún, ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo máa ń to nọ́ńbà wọn sí, lẹ́yìn àṣẹ tó ní kí ẹ̀rọ padà sókè. Ẹ̀rọ ò mọ nọ́ńbà yàtọ̀ sí àṣẹ. Bó bá rìn wọ àárín wọn, yóò máa jẹ́ wọn bí àṣẹ ni. Ọdún méje, n ò ṣì í rí.

Alfa Sàlíhù, ládàánì àdúgbò wa, jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ojú rẹ̀ ti ń lọ; kò rí aago ògiri wò mọ́. Lèmọ́mù ti sọ ọ́: bí aago kò bá dé kí wọ́n tó kírun Alàásárì, ẹlòmíì ni yóò máa pèrun.

"Bọ̀dá Toyyib," ni Hidayat wí, "mẹ́fà ni."

"Mẹ́fà kí ni?"

"Nọ́ńbà."

Mo wò ó. Nọ́ńbà kẹfà kan wà níbẹ̀ lóòótọ́: aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ibi tí àṣẹ ìpadà yẹ kó wà ló jókòó sí.

"Ìwọ lo fi sí i?"

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mò ń jẹ wàrà?"

Mo pa á rẹ́. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Nọ́ńbà náà tún padà wá.

"Ṣé kò sí o?" Alfa bi wá.

"Kò sí, Baba. Ìrun kẹfà ló yọjú."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó kúkú wà. Ti òkú. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í lákòókò, kì í sì í ní ìpè."

Hidayat dẹ́kun jíjẹ.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún lù; ó ku ìṣẹ́jú kan kí àkókò náà pé. Mo yọ bátìrì. Ojú aago ṣú. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́.

Alfa gbórí sókè. "Alihamdulilahi! Ohùn ẹ̀ mà dùn o."

"Baba, a ò tíì so gbohùngbohùn mọ́ ọn."

Ó ti dìde. Ó gba aago lọ́wọ́ mi, ó rọra gbá a mọ́ àyà, ó jáde.

Àwọn ọkùnrin ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, èjìká kan èjìká. Kò sí òkú nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sunkún.

"Alfa, a gbọ́ ìpè," ni ọ̀kan wí. "Òkú ta ni?"

Alfa yíjú sí ẹnu ọ̀nà wa.

"Ẹ bi ẹni tó ṣe aago."