Ohun Tí Ojúlarí Jẹ

"Níní, ṣé ajá máa ń jẹ àlùbọ́sà?"

Sabina ló béèrè bẹ́ẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n gba ìsinmi Àjíǹde níléèwé. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní Bàrígà, níbi tí atẹ́gùn ọ̀sà ti máa ń gbé òórùn ẹja yíyan wọlé láì kanlẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Níní, gbé ọ̀rá dúdú kan dání. Sùyà, oúnjẹ tí Sabina fẹ́ràn jù lọ, tó ṣẹ́kù níbi ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n Níní ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àlùbọ́sà rẹpẹtẹ àti egungun adìẹ díndín. Ajá Sabina ti jókòó síwájú wọn, ó ń wo ọ̀rá náà bí ọmọléèwé tó ń retí èsì ìdánwò.

"O ti tún bẹ̀rẹ̀!" Níní bú sẹ́rìn-ín. "Ajá tó ń tú ààtàn kiri, àlùbọ́sà lo rò pé yóò ṣe é ní nǹkan? Jọ̀ọ́, dà á sílẹ̀ kí n fi ṣe fídíò. Big boy ń rìnrìn àjò lọ́la!"

Ẹ má dá Níní lẹ́bi jù. Gbogbo ẹni tó mọ Sabina ló mọ̀ pé ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Kí ló dé tí ẹja kì í dijú sùn? Kí ló dé tí omi òkun fi níyọ̀ ju omi ọ̀sà lọ? Bí kò bá rí ìdáhùn nílé, á wá a lọ sílé olùkọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ó béèrè, kò dúró gbọ́ èsì. Fóònù Níní ti wà lókè. Ìyá Sabina sì máa ń sọ pé ẹni tó ń rìnrìn àjò kì í gbé ikùn òfo lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ mú ajá náà lọ sí abúlé bàbá Sabina létí òkun Oǹdó fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìyá àgbà tó ń gbé níbẹ̀ kò tíì rí ajá náà rí. Sabina fẹ́ kí ó yó dáadáa. Ó da gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rá náà sílẹ̀, ajá jẹ ẹ́ tán, ó lá ilẹ̀, ó tún ń wojú wọn.

Ojúlarí ni orúkọ ajá náà, orúkọ yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé ká. Bàbá Sabina, Ọ̀gbẹ́ni Ikúmápàyí, tó ń tún ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dà á. Ojú lárí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Ẹ mọ̀ pé báyìí ni àwọn àgbà wa ṣe ń fi orúkọ ajá pa òwe: ẹ óò máa pe ajá yín, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yóò máa gbọ́, kò sì ní rí ẹjọ́ rò. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ń gbé ní Ìkòròdú. Ẹni tó ń gbọ́ ọ láràárọ̀ ni Ìyá Fuad, tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tiwọn.

Ìyá Fuad ń di ìwé ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye. Mùsùlùmí ododo ni, bí ajá bá ti ń kọjá, á ká ìró rẹ̀ sókè kí itọ́ ajá má baà kàn án lẹ́yìn àlùwàlá. Ó gbà pé òun ni wọ́n ń fi Ojúlarí bú. Àwọn ará ilé Sabina sì gbà pé ó kórìíra ajá wọn. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì. Wọ́n kàn ń kí ara wọn "ẹ káàárọ̀" lórí ahọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti ń di ẹrù sínú ọkọ̀ nígbà tí Sabina pe ajá rẹ̀, tí kò jáde. Ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù omi ló ti bá a. Ojúlarí tẹ ẹ̀yìn kọ́dọ́rọ́, itọ́ ń yọ ní ẹnu rẹ̀, ó ń bì, inú rẹ̀ le bíi pákó.

"Yéè! Wọ́n ti fún ajá yìí ní májèlé jẹ!" Ìyá Sabina ké.

"Epo!" Bàbá Sabina pariwo. "Ẹ bá mi gbé epo pupa wá kíá!"

Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló fẹ́ fi epo ṣe. Ní agbolé yẹn, ọmọdé tó ń rá pàápàá mọ̀ pé epo pupa ni ẹ̀rọ̀ májèlé. Àwọn ará ilé ti pé jọ. Ẹnì kan ní òun rí Ìyá Fuad lánàá tó da nǹkan sílẹ̀ lẹ́bàá ibi tí ajá ń sùn. Ẹlòmíràn mi orí, ó ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Gbogbo ojú bá yí sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Fuad.

"Èmi kẹ̀?" Obìnrin náà jáde. "Omi àlùwàlá mi ni mo dà nù o."

"Ìyá Fuad, kí ni ajá mi fi ṣe yín?" Bàbá Sabina béèrè, ìgò epo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe aláriwo ènìyàn, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ẹ ti ń fi ajá bú mi láti èṣí, mi ò fèsì. Ṣé ẹ tún fẹ́ sọ mí di apani ni?" Omi lé ròrò sójú Ìyá Fuad.

Sabina kúnlẹ̀ ti ajá rẹ̀. Ó mọ ohun tí Ojúlarí jẹ. Bó bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Níní kò ní sọ. Bàbá ti kìlọ̀ fún un pé kó má fún ajá ní oúnjẹ ìta, bó bá sì jẹ́wọ́, ó lè má bá wọn rìnrìn àjò. Ó rọrùn kí májèlé jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò jẹ́ kó sinmi: bí kì í bá ṣe májèlé, kí ni epo yóò lọ ṣe nínú Ojúlarí? Bàbá ti la ẹnu ajá. Sabina gbójú sókè, ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Ìyá Fuad, ìtìjú sì bò ó.

"Bàbá, ẹ dúró! Ẹ má rọ ọ́ sí i lẹ́nu! Èmi ni. Èmi ni mo fún un ní nǹkan jẹ lánàá."

Sabina ń sunkún bó ṣe ń sọ̀rọ̀: sùyà, ata, àlùbọ́sà, egungun, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ẹni tó pa òwe àjẹ́ rántí pé òun gbé nǹkan ka iná, ó sì rọra kúrò níbẹ̀.

Bí Ìyá Fuad bá wọlé tó ti ìlẹ̀kùn, ta ni yóò bá a wí? Kàkà bẹ́ẹ̀, ó nu ojú rẹ̀. "Dókítà ẹranko tó máa ń wo àgbò wa nígbà Iléyá wà ní Ladi-Lak. Ẹ jẹ́ n pè é." Kò fọwọ́ kan ajá, àmọ́ ó mú ìró àtijọ́ kan wá pé kí wọ́n fi gbé e. Sabina àti bàbá rẹ̀ bá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Dókítà Bámilóyè, obìnrin tó rọra ń sọ̀rọ̀, kò béèrè ẹni tó ṣe é. "Kí ló jẹ?" ló kọ́kọ́ sọ. Bó ti gbọ́ tán, ó ṣí ètè ajá wo èrìgì rẹ̀, ó sì tẹ inú rẹ̀ wò. "Ẹ ò rọ epo sí i lẹ́nu, àbí?"

"Ó kù díẹ̀, mà," bàbá Sabina dáhùn.

"Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ajá tó ń bì, bí ẹ bá rọ epo sí i lẹ́nu, epo náà lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn gan-an lè pa á, ẹ ó sì máa sọ pé májèlé ni."

Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó sì fa omi sí i lára. Ìbẹ̀rù Sabina kò tíì lọ, síbẹ̀ ìbéèrè ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Dókítà, kí ló dé tí àlùbọ́sà kò ṣe wá ní nǹkan?"

"Ara wa kọ́ ni ara wọn. Tútù ni o, sísè ni o, àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Kì í sì í tètè hàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́dọ̀ máa rí i fún ọjọ́ mélòó kan."

"Egungun ńkọ́, mà? Ṣebí egungun ni oúnjẹ ajá?"

"Egungun tí iná ti kàn máa ń fọ́ ṣónṣó, ó lè gún ìfun. Ìrẹsì funfun ni kí o sè fún un, pẹ̀lú ẹja tí o yọ egungun rẹ̀ tàbí ẹran tí kò lọ́ràá, àti kárọ́ọ̀tì díẹ̀. Má fi ata sí i, má fi mágí sí i. Ṣokoléètì kò gbọdọ̀ dé ẹnu rẹ̀ láé. Kó sì jẹ níwọ̀n, kó má jẹ àjẹkì."

"Bó bá ń rìnrìn àjò ńkọ́? Ìyá mi ní ẹni tó ń rìnrìn àjò kì í gbé ikùn òfo lọ."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ènìyàn ni wọ́n sọ ọ́ fún. Ajá tó yó kẹ́ri tó wá wọkọ̀, èébì ni. Fún un ní díẹ̀, kó ti dà nínú rẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Ẹ máa fún un lómi níbi tí ẹ bá ti dúró. Oúnjẹ tó ti mọ̀ nílé ni kí ẹ gbé dání, torí ojú ọ̀nà kọ́ ni a ti ń fi oúnjẹ tuntun kọ́ ajá."

Ìyá àgbà ti ń retí wọn, nítorí náà àwọn òbí Sabina lọ, òun sì dúró ti ajá rẹ̀. Kí wọ́n tó gbéra, bàbá rẹ̀ lọ bá Ìyá Fuad, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ foríjì mí. Orúkọ ajá yẹn, ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bá wí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìkòròdú ni."

Ìyá Fuad ní kó dìde nílẹ̀. "Ìkòròdú lẹni tí ẹ ń bá wí wà, etí mi lẹ wá ń pariwo sí?" Ẹ̀rín pa á, ẹ̀rín náà sì ran bàbá Sabina. Ọ̀dọ̀ Ìyá Fuad ni Sabina sùn ní gbogbo ìgbà tí àwọn òbí rẹ̀ kò sí nílé.

Kò rọrùn o. Èrìgì Ojúlarí funfun, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, Sabina sì sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ojoojúmọ́ ló ń gbé e lọ sí Ladi-Lak. Ìyá Fuad bá a se ìrẹsì funfun, ó sì ń kùn pé, "Oúnjẹ tí kò rí ata, ṣé oúnjẹ nìyẹn?" Lọ́jọ́ tí Ojúlarí dìde tó lọ mumi fúnra rẹ̀, Sabina fò mọ́ Ìyá Fuad, àwọn méjèèjì pariwo bí ẹni tí Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún.

Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, Sabina àti ajá rẹ̀ wá bá àwọn òbí rẹ̀ rin ìrìn àjò náà. Sabina fún ajá lóúnjẹ díẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó fún un lómi ní gbogbo ìdúró, ajá náà kò sì bì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí wọ́n fi wọ ọkọ̀ ojú omi dé abúlé. Inú Ìyá àgbà dùn débi pé ó sáré wọlé, ó gbé orí ẹja ńlá kan jáde, ata àti àlùbọ́sà ń yọ lára rẹ̀.

Sabina kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ ìyá àgbà mú. "Màmá, ẹ ṣeun, àmọ́ kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́."

Ojú Ìyá àgbà rẹ̀wẹ̀sì. "Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ láyé ni mo fẹ́ fún un yìí."

"Èmi náà, Màmá, ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ ni mo fún un. Díẹ̀ ló kù kó pa á."

Ó wá ro gbogbo ìtàn náà fún un, títí kan ojú tí Ìyá Fuad fi wò ó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìfẹ́ nìkan kò tó. Ẹni tàbí ẹran tí a bá fẹ́ràn, ká wádìí ohun tí ara rẹ̀ gbà ká tó fún un. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́ lọ́wọ́ wa, ká tètè sọ ọ́ kí wọ́n tó di ẹ̀bi náà ru aláìṣẹ̀. Ìyá àgbà gbọ́ ọ tán, ó mi orí. Ó jókòó, ó fa àwo sọ́dọ̀, ó sì jẹ orí ẹja rẹ̀ fúnra rẹ̀.