Òkú Tó Ń Tẹ̀ka Lẹ́nu Géètì

Òkú kan ń wá síbi iṣẹ́ ní oko tíì wa ní Thyolo, kì í sì í pẹ́ dé.

Tereza Namasala ni. A sin ín ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà. Èmi fúnra mi ni mo ro nsima, ọkà àgbàdo wa, tí àwọn tó gbẹ́ sàréè jẹ. Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlélógún, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ọ́fíìsì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ìwé àwọn tí ẹ̀rọ ìtẹ̀ka rí lẹ́nu géètì. Jailosi, kápítáò tó ń darí àwọn tó ń já ewé, ló kọ́kọ́ kà á. Orúkọ Tereza wà níbẹ̀. Ó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó wọlé lọ́jọ́ tó ṣáájú. Kò tíì pa iṣẹ́ jẹ láti ọjọ́ kejì ìsìnkú rẹ̀.

Jailosi ṣí fìlà lórí. "Ndondocha," ló wí.

Gbogbo wa la mọ ohun tó ń sọ: òkú tí àjẹ́ jí dìde, tó gé ahọ́n rẹ̀, tó wá fi ń ṣe ẹrú oko. A fọ́n ká. Èmi tí ọmọ-ọmọ mi jẹ́ mẹ́rìnlá, tí orúnkún mi kì í gbà kí n gun àtẹ̀gùn, mo fo kòtò lọ́jọ́ náà. Ìró mi há sára ọgbà, mi ò dúró mú un. Òtútù chiperoni, ìkùukùu olójò tó máa ń bò wá lóṣù kẹfà, ló ń fẹ́ mi nídìí délé.

Kí ó tó di ọ̀sán, wọ́n ti dárúkọ àjẹ́. Enelesi ni, arúgbó tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Tereza, òun ló wẹ òkú rẹ̀. Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí páànù rẹ̀. Wọ́n ní bí ó bá fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí kò tíì kúrò lóko, àwọn á sun ún mọ́lé. A ò rò pé ẹnu lásán ni. A ti rí i níbòmíràn.

Àwọn tó ni oko ń gbé òkè òkun, wọn ò rí ojú wa rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ náà lọ́dún tó kọjá. O tẹ ìka sí i, ó ké "tín", orúkọ rẹ yọ lójú rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ ò bá mọ̀, kò sówó oṣù fún un. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé òkú ń wọlé, wọ́n pe Felistus Ngolombe láti Blantyre. Ó ti ṣe ọlọ́pàá fún ogún ọdún kó tó máa ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ fúnra rẹ̀. Obìnrin kúkúrú, bàtà òjò lẹ́sẹ̀, kò lọ́rọ̀ lẹ́nu. Ọjọ́rú ló dé. Ọjọ́ méjì ló kù.

Ọ̀dọ̀ Wyson Kalima ló kọ́kọ́ lọ. Wyson ni akọ̀wé tó ń gbani síṣẹ́, tó ń fi ìwé owó oṣù ránṣẹ́ sókè òkun. Ọmọ jẹ́jẹ́, gbogbo àwa ìyá la fẹ́ràn rẹ̀. Àpá tuntun kan wà lórí ìka ìfábẹ̀lá ọ̀tún rẹ̀.

"Kí ló ṣe ọ́ níka, àbúrò?"

"Agolo ẹja ni, Mà. Ó gé mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn."

"Ta ló ń fi ìka èèyàn sínú ẹ̀rọ?"

"Èmi ni. Tàbí Bàbá Jailosi, bí mi ò bá sí nílé."

"Ìwọ náà máa ń tẹ̀ka?"

"Rárá o. Ìwé làwa ará ọ́fíìsì ń fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í purọ́, Mà. Ìka ẹni ni ìka ẹni."

Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ohùn ta ni kò gbọ̀n lọ́sẹ̀ náà.

Lameck tó ń ṣọ́ géètì kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ náà nígbà tó ń dáhùn.

"Aago mẹ́fà ni mò ń ṣí géètì ńlá. Kó tó di aago mẹ́fà, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn mi nínú ìkùukùu. Tín. Tín. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Mi ò bojú wẹ̀yìn, Mà. Mo ní ìyàwó nílé."

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti pẹ́. Láti ọdún tó kọjá. Mo rò pé ẹ̀rọ náà ń ké fúnra rẹ̀ ni."

"Ìyẹn ni pé Tereza ò tíì kú nígbà yẹn."

Lameck rò ó wò. Ìrònú náà tún dá kún ẹ̀rù rẹ̀.

"Ta ló lè gba ibẹ̀ kọjá kó tó di aago mẹ́fà?"

"Àwọn ará ọ́fíìsì. Ilẹ̀kùn kékeré ni tiwọn. Bàbá Jailosi náà ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀."

Felistus bá Jailosi níbi òṣùwọ̀n.

"Kílò mélòó ni Tereza já láti ìgbà tó kú?"

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀, Mà. Òdo ni. Ọ̀dọ̀ ẹni tó jí i ló ń gbé ewé lọ."

"Kí ló wá ń wá tẹ̀ka fún? Àjẹ́ náà ń gba owó oṣù ni?"

Jailosi yíjú sí òṣùwọ̀n, ó ń nu àwo rẹ̀.

"Wọ́n ní ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ń wá yàrá. Ti Enelesi máa ṣófo lọ́jọ́ Ẹtì."

"Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, kó wá sọ ọ́ lójú mi." Ó fi ìwé ìwọ̀n lu tábìlì, ó bínú jáde. Felistus jókòó, ó ka ìwé náà jẹ́jẹ́. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ kẹsàn-án sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, arábìnrin kan tó ń jẹ́ Dinesi já ewé lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ ní kò wá síṣẹ́ rárá.

Ìyẹn ni pé ẹnì kan ń wọlé láìjá ewé. Ẹlòmíràn ń já ewé láìwọlé.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó lọ sí yàrá Enelesi. Òkúta wà nílẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, páànù ti lu. Ó mú ọwọ́ arúgbó náà, ó yí i padà sí ìmọ́lẹ̀. Orí ìka náà ń dán bí ìdí ṣíbí. Kò sí ìlà kankan.

"Ogójì ọdún ewé tíì ni, ọmọ mi. Ó ti jẹ ẹ́ tán."

"Ti Tereza ńkọ́?"

"Mo wẹ̀ ẹ́. Bákan náà ni."

"Ẹ mọ ẹni tó ń wọlé, Màmá."

"Mi ò mọ̀."

"Wọ́n á sun yín mọ́lé lọ́la."

"Mo gbọ́." Eyín rẹ̀ ń kan ara wọn. "Èmi nìkan ni wọ́n á sun. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ti ẹni mẹ́sàn-án ló bàjẹ́."

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọkùnrin kó jọ pẹ̀lú igi àti kẹrosíìnì. Felistus dúró lẹ́nu géètì, ó ní ẹ wá wo òkú yín kí ẹ tó pa alààyè. Ó di Enelesi lọ́wọ́ mú, ó tẹ ìka rẹ̀ sí ẹ̀rọ. Iná pupa. Ó tẹ ìka kejì, ìkẹta. Pupa. Ó pe Dinesi. Pupa. Ó pe àwọn ìyá méje mìíràn, gbogbo wọn arúgbó. Pupa, pupa, títí dé orí ẹni ìkẹyìn.

"Lójoojúmọ́ ni orúkọ àwọn mẹ́sàn-án yìí ń wọlé, ti Tereza ṣìkẹwàá, láàárín ìṣẹ́jú kan, kí géètì tó ṣí. Ẹ̀rọ ò sì mọ ìka ẹnì kankan nínú wọn." Ó yíjú. "Wyson, gbé ọwọ́ rẹ wá."

Jailosi ló tì í síwájú.

Ìka tó ní àpá ló kọ́kọ́ tẹ̀. Tín. *Dinesi.*

"Agolo gé e, Dinesi sì pa iṣẹ́ jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan," ni Felistus wí.

Àtàǹpàkò ọ̀tún. Tín. *Enelesi.* Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, orúkọ ń yọ. Ó ku ìka kékeré ọwọ́ òsì.

Tín. *Tereza Namasala.*

Bí mo tilẹ̀ ti mọ̀ pé ìka Wyson ni, gbogbo irun ara mi ṣì dìde.

"Lọ́dún tó kọjá," ni Wyson wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, "àwọn tó ni oko kọ̀wé pé ẹni tí ẹ̀rọ ò bá mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kí n yọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ kọ ìyá mẹ́wàá. Wọ́n wá ń sunkún níwájú mi. Mo ní ìka mẹ́wàá, mo fi ìkọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ lórúkọ ìyá kan. Àwọn ìyá náà á kàn ṣe bí ẹni ń tẹ̀ka láàárín èrò, wọ́n á kọjá. Mi ò gba owó tọ́ńbálà kan lọ́wọ́ wọn."

"Tereza ńkọ́?"

"Nígbà tó kú, mo yí nọ́ńbà fóònù tí owó ń bọ́ sí padà sí tèmi. Ìyàwó mi fẹ́ bímọ. Oṣù kan péré ni mo fẹ́ gbà. Bàbá Jailosi wá rí ìwé, ó ní ndondocha. Mo rò pé bí mo bá ṣíwọ́, wọ́n á bi mí léèrè. Bí mo bá sọ̀rọ̀, àwọn mẹ́sàn-án á pàdánù iṣẹ́, èmi á lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù ba Màmá yìí náà," ni Felistus wí. "Ó mọ̀ pé ìwọ ni. Ó pa ẹnu mọ́, òkúta ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ìwọ wà ní ọ́fíìsì, ò ń gbọ́ ọ."

Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí àwọn ọkùnrin náà gbé igi wọn sílẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá mú Wyson lọ sí àgọ́ wọn. Lọ́sàn-án, Enelesi ní kí n bu nsima fún un, kí n fi ránṣẹ́. Mo bù ú. Ṣùgbọ́n ẹja usipa tó kéré jù nínú ìkòkò ni mo fi sí i.

Felistus bá àwọn ará òkè òkun sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì lórí fóònù. Ó ní ọwọ́ tí ẹ̀rọ wọn ò mọ̀ ni ọwọ́ tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ pẹ́ jù. Nígbẹ̀yìn, wọ́n gbà pé kí a máa pe orúkọ àwọn mẹ́sàn-án láti inú ìwé, kí ẹni méjì máa jẹ́rìí sí i.

Lọ́jọ́ Ajé, Jailosi dúró nínú ìkùukùu pẹ̀lú ìwé náà. Kò lè wo Enelesi lójú. Ìwé tí Wyson kọ tẹ́lẹ̀ ló ń kà, orúkọ mẹ́wàá.

"Dinesi."

"Mo wà níbí."

"Enelesi."

"Mo wà níbí."

"Tereza Namasala."

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Omi ń kán láti orí páànù. Lameck kọ ẹ̀yìn sí wa, kò mira. Mo di ìró mi mú dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, mò ń wo kòtò.

"Ó ti lọ sinmi," ni Enelesi wí. "Pe ẹni tó kàn."