Ààbọ̀ Àdúrà

"Wọ́n ní níbi ìdúpẹ́ wọn ni... Ìyá Ẹ̀bùn fúnra rẹ̀ ni, lórí ìkúnlẹ̀... Ó ní ẹni tó ba orúkọ àwọn jẹ́ yẹn, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kó wọ ọdún tuntun... Èmi ò sọ nǹkan kan o. Ohun tí mo gbọ́ ni mo..."

Ràmọ́tà ló ń sọ ọ́, nínú ẹbu gàrí tó wà ní Ayépé, níbi tí àwọn obìnrin àdúgbò ti jọ ń yan gàrí. Ó fi èéfọ́ igbá rẹ̀ yí gàrí inú agbada, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì fi ìyókù ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí èéfín gbé e lọ.

Mọ́ṣádé jókòó nídìí agbada kejì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Gàrí bẹ̀rẹ̀ sí í jó lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sì gbọ́ òórùn rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Tó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ bá bọ́ sínú ẹni tó ń fi ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́, kì í di odidi ọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ló ń dà.

Kò sí oníbàárà gàrí tí kò mọ Mọ́ṣádé láti Ayépé títí dé Ìjẹ̀bú-Òde. Gàrí rẹ̀ wẹ́, ó gbẹ, ó sì kan débi pé bí ènìyàn bá mu ún, ojú á pa dé fúnra rẹ̀. Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjókòó rẹ̀ wà níwájú, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ jókòó síbẹ̀, bó tilẹ̀ lọ sí ìrìn àjò. Ó mọ orin Olúwa lórí. Olúwa tó ni orin ni kò mọ̀.

Gbogbo ẹni tó ń yan gàrí nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ló mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a bá ti lọ̀, inú àpò ló ń sùn sí. A ó dì í, a ó gbé nǹkan wúwo lé e, a ó sì fi í sílẹ̀ títí omi burúkú inú rẹ̀ yóò fi jáde, tí yóò sì kan. Àwọn ìyá wa kì í kánjú sí i. Ẹni tó bá kánjú yan án, májèlé ló ń yan.

Mọ́ṣádé kánjú. Nígbà tí òjò ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àwọn oníbàárà ńlá wá láti Èkó, àpò rẹ̀ kò sì tíì kan. Dípò kó ní kí wọ́n lọ bọ̀, ó tú u, ó yan án. Ó bu gàrí àtijọ́ tó kan dáadáa mọ́ ọn, kí ẹnu má baà tú u fó. Ojú àwọn ará Èkó sì là. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní èyí kọ́ ni àwọn ń wá, wọ́n bá tiwọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gàrí náà ṣe kù sí i lọ́wọ́, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú tà nínú ẹbu.

Waris, ọmọ Ràmọ́tà, mu nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú ọmọ náà ti yí, ó ń bì, wọ́n sì gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Àwọn èèyàn wá bèèrè pé gàrí ta ni. Ràmọ́tà kò mọ abọ́ tí wọ́n ti bù ú, nítorí abọ́ Mọ́ṣádé àti ti Ṣìkẹ́mi, ìyá Ẹ̀bùnolúwa, ni wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mọ́ṣádé kò pariwo. Ó kàn rọra sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́: "Ẹ bi Ìyá Ẹ̀bùn. Èmi kì í kánjú ẹ̀gẹ́ tèmi."

Ó tán. Láti ọjọ́ náà, gàrí Ṣìkẹ́mi di ohun tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ yà fún. Àwọn tó ti ń pè é ní àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpò wọn jìnnà sí tirẹ̀. Ọdún náà kò sì mọ níbẹ̀. Gilbert ọkọ rẹ̀, bíríkìlà, já bọ́ láti orí ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Odogbolu, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ó sì wà lórí ẹní títí òjò fi dá. Ìjì ká òrùlé ilé ìdáná wọn lọ. Ẹ̀bùnolúwa tó yẹ kó wọ ilé ẹ̀kọ́ ńlá ní Ìjagun jókòó sílé.

Gbogbo ìgbà tí Mọ́ṣádé bá rí ọmọ náà lójú ọ̀nà, á ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun yóò sọ òótọ́. Tó bá dọ̀la, á tún di ọ̀la.

Ilé Gilbert ní ìṣe kan tí wọ́n bá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Láàárín Kérésìmesì àti ọdún tuntun, wọ́n á se ìkókoré, wọ́n á gbé e kalẹ̀ láàárín ilé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí olúkúlùkù yóò fi sọ ohun tó ń dúpẹ́ fún. Àwọn ará àdúgbò rò pé kò ní sí ìdúpẹ́ lọ́dún yìí. Ọ̀kan tilẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ṣé ẹsẹ̀ tó kán ni wọ́n fẹ́ dúpẹ́ fún ni àbí òrùlé tó lọ.

Wọ́n dúpẹ́. Gilbert fi igi ti ara rẹ̀ dúró, ó dúpẹ́. Ẹ̀bùnolúwa dúpẹ́. Ṣìkẹ́mi ló kúnlẹ̀ kẹ́yìn, ohùn rẹ̀ sì jáde lójú fèrèsé. Ràmọ́tà ló ń kọjá lọ kírun. Gbólóhùn kan wọ etí rẹ̀ bí kò ti tíì parí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbé e kọjá. Ìyẹn ló gbé wá sí ẹbu.

Lọ́jọ́ kan náà tí Mọ́ṣádé gbọ́ ọ, Ẹ̀bùnolúwa gbé abọ́ ìkókoré wá sí ilé rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Màmá mi ní kí n gbé e wá fún yín, mà."

Mọ́ṣádé gbà á, ó dúpẹ́, ó sì dà á sẹ́yìn ilé. Ó wá gbé àpótí, ó jókòó, ó ń wo àwọn adìẹ tó ń ṣà á jẹ, bóyá ọ̀kan yóò kú. Kò sí èyí tó kú. Àkùkọ tilẹ̀ kọ lójú rẹ̀. Èyí wá já a láyà ju ìṣáájú lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tó ń bọ̀ yìí, kì í ṣe ti oúnjẹ.

Ọyẹ́ le lọ́jọ́ tí ọdún yóò parí. Oòrùn là, ṣùgbọ́n ó dà bí ojú aláìsàn. Okùn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ já nínú ẹbu láàárọ̀ náà, ó sì fò kọjá létí Mọ́ṣádé. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọdún ń wá ẹni tí yóò mú lọ. Mọ́ṣádé kó ẹrù rẹ̀, ó gba ilé lọ.

Inúmidùn, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti dé láti Ìjagun fún ìsinmi. Orí ẹní ni Mọ́ṣádé bá a. Ètè rẹ̀ ti dúdú, ó ń mí bí ẹni tó sáré, èébì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Abọ́ kan wà nílẹ̀ níbẹ̀, gàrí tó kù nínú rẹ̀ ti wú. Mọ́ṣádé gbé ojú sókè, ó rí ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rù tó ṣí sílẹ̀. Àpò tó fi pamọ́ sábẹ́ àwọn àpò mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ó ti ya ẹnu.

Kò lè tà á mọ́ lẹ́yìn tí Waris ṣàìsàn. Kò sì lè dà á nù, nítorí ẹni tó bá rí i lórí ààtàn yóò bèèrè. Ọmọ tirẹ̀ ni ebi pa tó lọ tú u.

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e dé ilé ìwòsàn kan ládùúgbò. Dókítà bèèrè pé, "Kí ló jẹ?"

Ẹ wo bí ẹ̀ṣẹ̀ ti ń de ènìyàn lẹ́nu. Ọmọ Mọ́ṣádé ń kú lọ níwájú rẹ̀, ó sì ní, "Mi ò mọ̀, sà."

Bí ó ti sọ ọ́ tán, ó dà bíi pé ẹnì kan sọ ọ́ sí i létí: kó má ṣe wọ ọdún tuntun. Ó yí padà, ó sáré jáde láìwọ bàtà, ó gba ọ̀nà ilé Gilbert tí kò jìnnà síbẹ̀.

Ó kanlẹ̀kùn. "Ìyá Ẹ̀bùn, èmi ni. Mọ́ṣádé ni."

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹsẹ̀ náà dé ìdí ilẹ̀kùn, ó dúró. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò ṣí. Ó pẹ́ tí kò ṣí.

Mọ́ṣádé bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀. "Gàrí tí Waris mu, tèmi ni. Èmi ni mo kánjú yan án, èmi ni mo sì fi sí ọ lọ́rùn. Èpè tí o gbé mi ṣẹ́, kó bá èmi. Inúmidùn kò mọ nǹkan kan. Ṣàánú ọmọ mi."

Ìgbà náà ni ìdábùú ilẹ̀kùn ró. Ṣìkẹ́mi dúró níbẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, Ẹ̀bùnolúwa sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Èpè wo, ẹ̀gbọ́n?" Kò dúró gba èsì. "Kí ló ṣe Inúmidùn?"

Mọ́ṣádé sọ fún un.

"Kí lẹ sọ fún dókítà?"

"Mo ní mi ò mọ̀."

"Ẹ máa bọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún un."

Ó dì í lọ́wọ́ mú, Ẹ̀bùnolúwa sì tẹ̀ lé wọn. Bí wọ́n ṣe ń lọ lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn ń wò wọ́n.

Níwájú dókítà àti àwọn nọ́ọ̀sì, Mọ́ṣádé sọ gbogbo rẹ̀, ti Inúmidùn àti ti Waris. Ràmọ́tà ti gbọ́ pé ọmọ wà ní ilé ìwòsàn, ó ti sáré wá kí wọn, ó sì wà níbẹ̀. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó tún un wé.

"Waris mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, Ìyá Inúmidùn," ló sọ. Ó jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ǹṣì.

Dókítà ti wá mọ ohun tó ń bá jà. Àwọn náà jókòó, wọ́n ń dúró. Níta, àwọn tó tètè ń lọ sí ìsìn àìsùn ọdún ti ń kọjá pẹ̀lú Bíbélì lábíyá. Mọ́ṣádé rọra bèèrè lọ́wọ́ Ṣìkẹ́mi pé kí ló sọ gan-an lọ́jọ́ ìdúpẹ́ náà. Omi bọ́ lójú Ṣìkẹ́mi. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ẹ̀bùn, ìwọ lo kúnlẹ̀ tì mí. Sọ ọ́ fún wọn. Má yọ níbẹ̀, má sì fi kún un."

Ọmọ náà sọ ọ́. Kò gùn. Màá kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí ìwọ náà lè gbọ́ ọ tán.

Nígbà tí ó parí, Ràmọ́tà fi ọwọ́ bo ẹnu. Mọ́ṣádé sì yọ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó balẹ̀ lórí eékún rẹ̀. Kì í ṣe ohùn akọrin ló fi gbàdúrà. "Jésù, ó wúwo. Mi ò lè rù ú mọ́. Gbà á lórí mi, kí o sì gba èmi náà."

Kò tíì mọ̀ nígbà náà bóyá ọmọ òun yóò yè. Jẹ́ kí èyí yé ọ dáadáa: kò fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ra ìwòsàn. Ṣáájú kí Inúmidùn tó la ojú, kó sì bèèrè omi, ni ìyá rẹ̀ ti sọ ẹrù kalẹ̀ níbi ẹsẹ̀ Ẹni tó ru ẹrù gbogbo wa lórí igi àgbélébùú.

Nígbà tí ọdún yí, Mọ́ṣádé dìde nínú ẹbu, ó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Àwọn oníbàárà kan fi í sílẹ̀, wọn kò sì padà títí di òní. Ó ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpò Ṣìkẹ́mi padà sí àárín àpò tàwọn yòókù.

Ọ̀rẹ́ mi tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, àpò wo ló wà nínú yàrá ìkẹ́rù tìrẹ? O ti dì í pa, o ti to nǹkan lé e lórí. O ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, o ń kọrin. Ọ̀la ni o ní wàá gbé e jáde. Mọ́ṣádé náà ní ọ̀la ni. Ọmọ rẹ̀ ló ṣáájú ọ̀la débẹ̀. Ta ni yóò ṣáájú ọ̀la dé ìdí àpò tìrẹ?

Má dúró de ìparí ọdún. Òní ni Jésù ń pè ọ́. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ní orúkọ rẹ̀ níwájú Rẹ̀. Bí o bá ń bẹ̀rù pé ilẹ̀kùn kò ní ṣí fún ọ, gbọ́ odidi àdúrà tí Ràmọ́tà gbọ́ ààbọ̀ rẹ̀, bí Ẹ̀bùnolúwa ti sọ ọ́, ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn:

"Baba, a dúpẹ́ fún ọdún tó le yìí, nítorí O wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú wa. A dúpẹ́ fún ẹsẹ̀ Bàbá Ẹ̀bùn tó tún ń tẹlẹ̀. Ẹni tó ba orúkọ wa jẹ́, Ìwọ mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n. Má ṣe jẹ́ kó wọ ọdún tuntun pẹ̀lú ẹrù yẹn lórí. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún un, bí O ti sọ tèmi kalẹ̀. Bó bá sì wá kanlẹ̀kùn wa, Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí n pẹ́ jù kí n tó ṣí i."