Ikùn Kékeré Nídìí Àtẹ Ńlá

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, ìdajì ẹyin sísè ni Saliba ń jẹ. Ó ti fi ṣíbí gé e sí wẹ́wẹ́, ó ń mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí fóònù Nuha ìyàwó rẹ̀ dún. Nuha gbé e sétí. Ó kàn wo ọkọ rẹ̀, ó sì rọra jókòó.

"Bàbá Samir," ló wí nígbẹ̀yìn, "Ìyá Mitri ti lọ. Ojú oorun ni. Mitri fúnra rẹ̀ ló pè."

Saliba gbé ṣíbí kalẹ̀.

Wadia lorúkọ Ìyá Mitri, àbúrò ìyá tó bí Saliba sì ni. Láti ìgbà tí ìyá Saliba ti kú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ìlú Madaba ló ti dàgbà. Òun àti Mitri, ọmọ inú rẹ̀, jọ jẹun nínú àwo kan náà títí irùngbọ̀n fi hù wọ́n.

Ìyá yẹn nìkan, yàtọ̀ sí Nuha, ló mọ ohun tí Saliba gbé pamọ́. Oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ náà, àwọn dókítà ní ìlú Amman gé èyí tó pọ̀ jù nínú àpòlúkù rẹ̀ kúrò. Sísanra ló fẹ́ pa á: àtọ̀gbẹ dé, ẹ̀jẹ̀ ríru dé, orúnkún rẹ̀ kò sì gbé e gun àtẹ̀gùn mọ́. Ó ti gbìyànjú gbogbo ọ̀nà mìíràn kó tó gbà kí wọ́n fi abẹ kàn án. Àmọ́ ojú ń tì í. Ṣé kí wọ́n wá máa sọ pé ọkùnrin tó tó báyìí kò lè ṣẹ́gun ọ̀fun ara rẹ̀? Ó sọ fún àwọn ẹbí pé òkúta inú òróòro ni wọ́n yọ, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀.

Nílé, ó ń ṣe bí wọ́n ti kọ́ ọ. Bí wọ́n bá sì pe ẹbí wá jẹun, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Ìyá Mitri ń jókòó sí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ṣíbí súnmọ́ àwo rẹ̀, màmá náà á ní, "Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ ni." Kò sí ẹni tó ń bá a jiyàn.

Ní báyìí, oúnjẹ ìsìnkú màmá náà gan-an ni Saliba ń lọ jẹ.

Nígbà tí wọ́n kúrò ní itẹ́ òkú, gbogbo èrò wọ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì fún òkèlè àánú. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ yóò bẹ Ọlọ́run kí ó ṣàánú òkú. Ẹbí òkú kì í ṣahun níbẹ̀, àlejò kì í sì í kọ̀ ọ́. Àtẹ mansaf ti wà lórí tábìlì: ìrẹsì ga bí òkìtì, ẹran àgùntàn gúnwà lórí rẹ̀, omi wàrà gbígbóná ń ṣàn lára rẹ̀. Àwọn ọkùnrin dúró yí i ká, wọ́n ká ọwọ́ aṣọ ọ̀tún sókè.

Saliba bu bín-ín-tín, ó yí i lọ́wọ́, ó ń rún un lọ títí. Bàbá Odeh, àgbà ẹbí, ti rí i.

"Saliba! Kí ló dé? Ṣé ìyàwó tuntun ni ọ́, tó ń tijú ìyá ọkọ?"

"Mo ń jẹun, Bàbá."

"Èwo lò ń jẹ? Ìwọ tó o máa ń dá igun àtẹ kan gbá mọ́lẹ̀! Ológoṣẹ́ tó wà lójú fèrèsé yẹn ti jẹ jù ọ́ lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni Mitri dé, olóòkú fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n koko. Ó fa ẹran tó rọ̀ jù lọ ya lára itan, ó kó o síwájú Saliba, ó bu omi wàrà lé e lórí.

"Ẹ̀gbọ́n, tiyín nìyí."

"Mitri, èyí tí mo jẹ ti tó."

"Ẹ̀gbọ́n, mo fi ẹ̀mí ìyá mi búra, ẹ máa jẹ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí n tún un sọ lójú gbogbo èèyàn. Àbí oúnjẹ ìyá mi ló ń rùn sí yín?"

Bí wọ́n bá ti fi òkú búra fún èèyàn, ó tán. Saliba jẹ. Ó fẹ́ kí ó tètè tán kí ojú lè kúrò lára òun, nítorí náà ó ń gbé e mì láìrún dáadáa. Nígbà tí ó há a láyà, ó gbé ìgò ẹlẹ́rìndòdò, ó fi tì í lọ.

Òsúkè ló kọ́kọ́ mú un. Lẹ́yìn náà ni itọ́ kún ẹnu rẹ̀, àyà rẹ̀ sì le bí ìgbà tí èèyàn gbé òkúta mì. Ó yọ́ gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Nídìí igi ólífì kan, ó bì, ó tún bì, òógùn tútù bò ó. Nígbà tí yóò gbójú sókè, Mitri ló rí.

Mitri ń wo ilẹ̀.

"Oúnjẹ ìyá mi," ló wí. Kò pariwo. "Ẹ wá dà á sílẹ̀ fún ajá."

Saliba la ẹnu. Òtítọ́ wà ní ètè rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tún tì í, ó sì pa ẹnu dé. Mitri pẹ̀yìn dà. Ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi ń gba àwọn abánikẹ́dùn, kò wo ìhà ibi tí Saliba jókòó sí mọ́.

Inú Saliba náà kọ̀, kò rọlẹ̀. Ohun tó bá jẹ ń padà wá, ó wá di pé omi pàápàá kò dúró. Ó ní kí Nuha fi òun sílẹ̀, pé ìbànújẹ́ ni.

"Ìbànújẹ́ kì í lé omi jáde nínú èèyàn," ni Nuha wí. Ó ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ dání. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá yín sin ìyá kan ni. Èmi kò ní sin ọkọ tẹ̀ lé e. Ẹ dìde."

Ní ilé ìwòsàn, àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ibi tí wọ́n rán kò já, ṣùgbọ́n ó wú. Wọ́n fa omi àti fítámìnì sí i lára. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, onímọ̀ oúnjẹ ibẹ̀ wá jókòó tì í. Rihab lorúkọ rẹ̀, obìnrin tí kì í kánjú sọ̀rọ̀.

"Bàbá Samir, kí lẹ jẹ?"

Saliba sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹlẹ́rìndòdò.

"Nínú àwọn tó wà nídìí àtẹ yẹn, ta ló mọ̀ pé ẹ gba abẹ?"

"Ẹni tó mọ̀ ni a lọ sin."

"Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere," ni Rihab wí. Ó gbé ife tíì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó fi hàn án. "Ẹ wò ó. Oúnjẹ tó lè wọ inú yín lẹ́ẹ̀kan kò ju èyí lọ báyìí. Nígbà mìíràn, kò ní kún un pàápàá. Ikùn tí Mitri mọ̀ láti kékeré ló ń bu oúnjẹ fún. Kò mọ̀ pé ikùn yẹn kò sí mọ́. Ṣé ẹ lè bínú sí i?"

"Èmi kò bínú. Òun ló ń bínú."

"Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ lọ sọ fún un."

"Nọ́ọ̀sì, ní ọ̀dọ̀ wa, àlejò kì í kọ́ olóúnjẹ bí yóò ṣe bu oúnjẹ."

"Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ọmọ ilẹ̀ yìí náà sì ni mí, láti ìlú Karak," ni Rihab fèsì, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bàbá mi máa ń búra pé òun á lé ìyá mi jáde nílé bí àlejò kò bá jẹ ẹ̀ẹ̀kejì. Ìyá mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹ́, mi ò tíì palẹ̀ ẹrù mi mọ́.' Kò sí ìkà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ló ń búra. Ẹni tó bá mọ̀ kò ní búra. Àmọ́ kí wọ́n tó tẹ́ tábìlì ni kí ẹ sọ fún un. Tí ẹran bá ti wà níwájú yín, ó ti pẹ́."

"Ṣé mi ò wá ní jẹun níta mọ́ ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ máa jẹun níta. Ẹ má kàn fi ebi pa ara yín sílẹ̀ de òde, torí ẹni tí ebi ń pa kì í rún oúnjẹ. Ẹ gba àwo kékeré tiyín, kí ẹ mọ ohun tí ẹ bù. Àtẹ kò ní ìwọ̀n. Amúaradàgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ: adìyẹ, ẹja, ẹyin, wàrà dídì. Bí àyè bá kù, ẹ tọ́ ìrẹsì wò. Ẹ rún un títí yóò fi kúnná, kí ẹ gbé ṣíbí sílẹ̀ kí ẹ tó bu òmíràn. Ẹ má fi omi ti oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí ìdajì wákàtí kọjá kí ẹ tó mu ún."

"Ẹlẹ́rìndòdò ńkọ́?"

"Ẹ gbàgbé rẹ̀. Nǹkan dídùn náà, ẹ ṣọ́ ọ. Ó máa ń yọ̀ lọ wẹ́rẹ́, kò ní há yín láyà, òun ló sì máa ń dá sísanra padà. Ó tún lè mú kí òòyì kọ́ yín, kí àyà yín máa lù kìkì. Àti òsúkè tó mú yín yẹn, ara ló ń sọ pé ó tó. Ìgbà yẹn ni kí ẹ dúró, bó ṣe òkèlè kan ló kù."

Ọjọ́ tí wọ́n ní kí Saliba máa lọ sílé, ilé Mitri ló ní kí Nuha wa òun lọ.

Mitri ṣílẹ̀kùn. Kò ní kí ó wọlé, kò sì tì í padà.

"Mitri, wọ́n ti gé àpòlúkù mi. Kì í ṣe òkúta."

Mitri wò ó láti òkè dé ilẹ̀, aṣọ tó fẹ̀ lọ́rùn, ìgbànú tó ti yí ká ìdí rẹ̀ jù. "Òróòro ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Òróòro mi kò ṣe nǹkan kan."

"Ìyá mi mọ̀?"

"Ó mọ̀."

"Ó mọ̀, kò sì sọ fún mi." Mitri jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Ẹ̀gbọ́n, mo fi ẹ̀mí rẹ̀ búra fún yín. Mo fẹ́ fi oúnjẹ rẹ̀ pa yín."

"O kò mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí n mọ̀?"

"Ojú ló tì mí," ni Saliba wí, ó sì jókòó tì í.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, lẹ́yìn ìsìn, ilé oúnjẹ kan ní Madaba ni ẹbí ti ṣe ìrántí. Saliba ti pe ilé oúnjẹ náà lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ó ní kí wọ́n bá òun yan adìyẹ tí kò lọ́ràá, kí wọ́n fún òun ní àwo kékeré, kí wọ́n sì di ìdajì rẹ̀ tí òun yóò mú lọ kí wọ́n tó gbé ìyókù wá. Kò tilẹ̀ ya ọkùnrin tó gbé fóònù lẹ́nu. "Ṣé abẹ ni?" ló bi í. "Àwọn bíi tiyín ń wá lójoojúmọ́."

Àwo ìṣáájú kún tábìlì: ẹ̀wà lílọ̀, ìgbá yíyan, ólífì, wàrà dídì, búrẹ́dì tó ń rú èéfín. Bàbá Odeh tún ti na ọrùn.

"Saliba, ti ọmọ ọwọ́ wo ni àwo yìí?"

Mitri fẹ́ dáhùn. Saliba gbé ọwọ́ lé e ní apá.

"Bàbá, mo parọ́ fún yín. Kì í ṣe òkúta ni wọ́n yọ. Àpòlúkù mi ni wọ́n gé. Ìwọ̀n tí mo lè jẹ nìyí."

Bàbá Odeh gbé búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Wọ́n gé e?" ni Bàbá Odeh wí. "Èyí tí wọ́n gé ńkọ́, ta ni wọ́n fún? Torí tèmi kò tó mi."

Ẹ̀rín bú jáde. Láti ìpẹ̀kun tábìlì, Ìyá Fadi, ìyàwó Mitri, ké sí Saliba: "Ẹ bá mi gba nọ́ńbà dókítà yẹn o!"

"Tìẹ kì í ṣe ikùn," ni ọkọ rẹ̀ fèsì, "ahọ́n ni kí wọ́n gé."

Bàbá Odeh nu ojú. "Ọmọ mi, ká ní o ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ta ni ì bá fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀? Jẹ ìwọ̀n tó o lè jẹ." Ó sì fa àwo ìrẹsì kúrò níwájú rẹ̀.

Saliba jẹ adìyẹ díẹ̀, ó fi ẹ̀wà lílọ̀ tọ́ ẹnu. Nígbà tí àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó sì ń bá wọn ṣàwàdà lọ. Òde kì í ṣe ti ẹnu nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ gba irú abẹ yìí, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú gbé yín dé ibi tó gbé Saliba dé. Ẹ wá ẹnì kan tàbí méjì sí i tó mọ̀; ẹnì kan ṣoṣo kò tó, torí èèyàn kì í dúró títí láé. Ẹ máa lo fítámìnì tí wọ́n fún yín, ẹ má sì pa ọjọ́ tí dókítà ní kí ẹ wá jẹ. Bí èébì kò bá dá, bí omi kò bá dúró nínú, bí inú bá ń ro yín gidigidi, bí ibà bá dé tàbí tí àyà ń lù kìkì, ẹ má ní ìbànújẹ́ ni, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbàlejò, ẹ gbé oúnjẹ kalẹ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà, kí ẹ jẹ́ kí àlejò fúnra rẹ̀ bù ú. Bó bá ní ó tó, ó tó. Ẹ má fi alààyè búra fún un, ẹ má fi òkú búra.

Nígbà tí wọ́n túká, Saliba gba adìyẹ tí wọ́n ti dì, wọ́n sì fi búrẹ́dì gbígbóná lé e. Kò bá Nuha wọ ọkọ̀. Ó fẹsẹ̀ rìn dé ìkòríta, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Mahrus, ará Íjíbítì tó ń ṣọ́ ibẹ̀, jókòó sórí búlọ́ọ̀kù nínú òòrùn.

Saliba gbé oúnjẹ náà lé e lọ́wọ́. "Òkèlè àánú ìyá mi ni," ló wí.

"Kí lorúkọ wọn?"

"Wadia."

Mahrus pe orúkọ náà jẹ́jẹ́. Ó tú ìdì oúnjẹ náà lórí eékún rẹ̀, ó ya búrẹ́dì, ó fi wé ẹran, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.