Igi Àjọ̀dún Lohrein

Ohun mẹ́ta ló bàjẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún náà: igi àjọ̀dún abúlé Lohrein, òpó gíga tí wọ́n máa ń gbé nàró fún ọjọ́ náà, pòórá, àwọn ọ̀dọ́ abúlé Weidenrot tí wọ́n jí i gbé ti fi ayùn gé e sí méjì, ọ̀kan nínú àwọn olè náà sì rẹwà.

Ẹnu ọ̀nà ààfin olókùúta, níbi tí Roswitha Pfleger ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún àlejò, ni ó ti rí olè yìí. Ó dúró ti ìlàjì igi, ìyẹ̀fun igi kún irun rẹ̀, ojú ń tì í. Veit Amrhein ni orúkọ rẹ̀.

"Igi yín kò gba ẹnubodè yìí kọjá, la fi gé e," ni ó wí.

"Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n gbé," ni Roswitha fèsì. "Igi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

Àṣà gba kí abúlé kan jí igi èkejì, kí àwọn tó ni igi sì fi bíà àti búrẹ́dì gbà á padà, ṣùgbọ́n kò gba kí ẹnikẹ́ni pa á lára. Nítorí náà ni Alban, bàbá Roswitha, káfíńtà tó ń ṣọ́ igi náà lóru, ṣe búra pé ọmọ Weidenrot kankan kò ní wọ ilé òun.

Veit ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi kó lè rí Roswitha, títí ó fi mọ yàrá ààfin ju amọ̀nà lọ. Ó bẹ Alban lẹ́ẹ̀mẹta pé kó jẹ́ kí òun fẹ́ ọmọ rẹ̀. Alban kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Èwo ni ti kí ènìyàn méjì tó fẹ́ràn ara wọn máa jìyà nítorí igi?

Nígbà tí ọdún yípo, Veit àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi èjìká ru igi titun wọ Lohrein ní ọ̀sán gangan, ní odindi. Alban fọwọ́ pa èèpo rẹ̀.

"Èmi ni mo sùn lọ lóru ọjọ́ náà," ni ó wí níkẹyìn. "Ó rọrùn fún mi láti máa bínú sí yín."

Ọkàn Veit balẹ̀. "Ẹ tilẹ̀ ń hanrun, Bàbá. Díẹ̀ ló kù ká daṣọ bò yín."

Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín. Alban pàápàá rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ife bíà kan lé Veit lọ́wọ́. Roswitha kò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ó di ọwọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ mú, ó kọjú sí bàbá rẹ̀.

"Ẹ ti gba igi, Bàbá. Ọkùnrin yìí ni mo máa fẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ pè é ní ọmọ yín báyìí, kí gbogbo Lohrein gbọ́."