Àmín tí Àbẹ̀bí Ṣe

Ọbẹ̀ ni Àbẹ̀bí rò pé ó wà nínú ike áísìkiriìmù tó bá nínú fíríìjì láàárọ̀ Sátidé yẹn. Ilé Yorùbá wo ní Woolwich, ní London, ni wọn kì í ti í bu ọbẹ̀ sínú ike áísìkiriìmù? Ó ṣí i, eṣinṣin ló bá níbẹ̀. Ó tó ogójì. Òtútù ti mú wọn débi pé wọn ò lè fò mọ́, wọ́n kàn ń rá pálá lórí ara wọn. Ó dé ike náà padà, ó sì fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Lékan ọkọ rẹ̀ ló kó wọn síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì ni Lékan ń wà, ṣùgbọ́n láti ọdún 1989 ló ti ń kọ́ ìjà lọ́dọ̀ bàbá ará Ṣáínà kan ní Thamesmead, Uncle Lau. Ara kòkòrò ni wọ́n ti kọ́ ìjà ọ̀hún, kòkòrò gbọọrọ kan tó jọ tata, tó máa ń ká ọwọ́ pọ̀ níwájú àyà bí ẹni ń gbàdúrà. Uncle Lau fi ọ̀kan sínú ìgò fún Lékan pé kó máa fi eṣinṣin bọ́ ọ, kó sì máa wo ọwọ́ rẹ̀. Àbẹ̀bí ti rí i tó ń jẹun. Eṣinṣin á ṣì wà láàyè tí yóò fi máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jẹ àgbàdo, tó bá jẹ ẹ́ tán, á lá ọwọ́. Ìríra gbáà ni.

Ìjà nìkan kọ́ ni Lékan fẹ́ mọ̀, ó fẹ́ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. “Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ,” ló máa ń sọ. Ó ka gbogbo ìwé tó rí ní láíbìrì. Ọ̀kan ní ọ̀gágun kan ló dá a sílẹ̀. Òmíràn ní ọkùnrin kan tí wọ́n ti nà nínú ìjà ló jókòó sábẹ́ igi, tó rí kòkòrò náà tó ń bá ọ̀tá rẹ̀ jà, ló bá kọ́ ọwọ́ rẹ̀. Wọn ò bára mu. Nígbà tí Uncle Lau rí i pé Lékan ò jáwọ́, ó fún un ní orúkọ àwọn olùkọ́, mẹ́sàn-án, láti orí ẹni tó kọ́ òun títí dé orí ẹni àkọ́kọ́. Ó ní kó máa pè wọ́n láràárọ̀ bó ṣe ń ta ẹ̀ṣẹ́, kó sì ti ilẹ̀kùn.

Lékan ti ilẹ̀kùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ògiri fúláàtì wọn ní Morris Walk ò yàtọ̀ sí páálí. Àbẹ̀bí á wà ní kíṣìnnì, á máa gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ ní èdè tí kò yé e. Ọmọ Aládùúrà sì ni. Láti kékeré, bí ohùn àdúrà bá ti kàn án létí, bó yé e bí kò yé e, ẹnu rẹ̀ á ti dáhùn kó tó mọ̀. Bí orúkọ kẹsàn-án bá ti jáde, á ní, “Àmín o.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà ni oúnjẹ ti ń rí i lára. Ìrẹsì ń rùn sí i. Ó rò pé oyún ni, kì í ṣe oyún. Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ebi ò pa á. Ẹ̀rù ń bà á pé ohun tí ọkọ òun ń ṣe yìí máa tú ilé àwọn ká. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó rí eṣinṣin yẹn, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ bá Uncle Lau.

“Uncle, please, ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀.”

“Nǹkan kan ò ní ṣe ọkọ rẹ,” bàbá náà fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn. “Ṣé ó ń ti ilẹ̀kùn?”

“Ó ń tì í, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ọ. Mo máa ń ṣe àmín sí i.”

Bàbá náà gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. “O máa ń dá a lóhùn?”

“Bí èèyàn bá ń gbàdúrà, ṣé a kì í ṣe àmín ni?”

Bàbá náà ò wo ojú Àbẹ̀bí mọ́.

“Mẹ́jọ nínú orúkọ yẹn, orúkọ èèyàn ni. Ẹ̀kẹsàn-án ni kòkòrò abẹ́ igi yẹn gan-an. Obìnrin ni. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀tá ló ń bá jà. Irọ́ ni. Ọkọ rẹ̀ ló ń jẹ, orí ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí a fi ń ti ilẹ̀kùn nìyẹn. Obìnrin tó bá dáhùn sí orúkọ yẹn ti gbà á sínú ara. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin máa ń dáhùn àdúrà ẹni tí ẹ ò rí.”

Bí Àbẹ̀bí ṣe délé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún Lékan. Lékan da kòkòrò àti eṣinṣin nù, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì kúnlẹ̀ sáàárín pálọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán.

“Fi òróró àdúrà pa mí lórí, Àbẹ̀bí mi. Olúwa á gbà wá.”

Ó tẹrí ba. Àbẹ̀bí da òróró sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi pa á lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ Sáàmù. Òróró náà ṣàn lọ sẹ́yìn etí Lékan, ó ń dán lọ́rùn rẹ̀, níbi tí iṣan kan ti ń sọ kúlú kúlú. Sáàmù dá sí Àbẹ̀bí lẹ́nu. Itọ́ ti kún ibẹ̀. Ara tirẹ̀ gan-an wá rí i lára, nítorí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ebi ń pa á.

“Kí ló dé tí o dákẹ́?” Lékan béèrè.

“Kò sí nǹkan kan,” ó ní. “Ẹ má tíì gbórí sókè.”