Àdéhùn Ọdún Kan

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Ìyá Aránṣọ kó dé ìlú etí òkun náà tí Ọ̀gá Ọkọ̀ fi wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni ọkùnrin náà ń kàn, eruku pákó kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ṣòkòtò ló fẹ́ rán. Ìyá Aránṣọ fi téèpù wọn ìbàdí rẹ̀, ó jẹ́ íǹṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Nígbà tí ṣòkòtò jáde, kò ṣeé dè. Wọ́n tún un wọ̀n, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n náà ni. Ṣòkòtò kejì náà ò ṣeé dè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wíwú lẹ̀ ń wú ni?"

Ọ̀gá Ọkọ̀ wolẹ̀. "Ká má purọ́, bí ẹ bá ti sún mọ́ mi báyìí, ńṣe ni mo máa ń fa ikùn mọ́ra."

Ẹ ẹ̀ rí i bí ìfẹ́ ṣe ń sọ àgbàlagbà di ọmọdé! Ìyá Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọdún mẹ́fà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n àdéhùn kan ti wà nílẹ̀ kí ìfẹ́ yìí tó dé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ìyá Aránṣọ ní, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ní ìlú ńlá tí wọ́n ti wá, ilé ti gbówó lórí, ọgọ́rin ọmọ ló sì ń há mọ́ra nínú kíláàsì kan. Níbí, yàrá méjì tó kọjú sí òkun ò wọ́n, ilé ẹ̀kọ́ sì dára. Ọmọ sunkún pé òun ò lè fi àwọn ọ̀rẹ́ òun sílẹ̀ wá máa gbóòórùn ẹja. Ìyá bá ṣèlérí: "Ọdún kan péré. Tí kò bá wù ọ́, a ó padà."

Ní oṣù kẹwàá tí wọ́n dé, Ọ̀gá Ọkọ̀ sọ tẹnu rẹ̀. "Adúmáadán mi, jẹ́ ká fẹ́ra wa."

Inú obìnrin náà dùn, ẹ̀rù sì bà á. "Mo fẹ́ràn yín. Àmọ́ èmi àti ọmọ mi ti jọ ṣàdéhùn, ó ku oṣù méjì. Ẹ má bẹ̀ ẹ́, ẹ má sì ra nǹkan kan fún un."

"Màá dúró, olólùfẹ́ mi."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n Ìyá Aránṣọ obìnrin gbọ́, ó gbaná jẹ lórí fóònù: "Ọmọ tí a bí lánàá ló máa sọ bóyá o máa lọ́kọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá yẹ àdéhùn lónìí, ẹnu wo ni n ó fi bá a wí lọ́la?"

Kò sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà fún ọmọ rárá, nítorí kò fẹ́ kó dúró torí àánú òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọdún pé, ó gbé patákó tó wà lókè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù sọ̀kalẹ̀, ó ń fi aṣọ di ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Màámi, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Ọdún pé. Sọ èyí tó wù ọ́."

Ọmọ jókòó sórí àpótí. "Ẹ rò pé mi ò mọ̀? Ẹ rán àpò yúnífọ́ọ̀mù mi sẹ́yìn, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣìṣe! Mo bá pe ẹ̀gbọ́n yín, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀. Inú bí mi pé ẹ fi pa mọ́ fún mi."

Ìyá fi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Òórùn ẹja ṣì ń dà mí láàmú. Ṣùgbọ́n tíṣà kẹ́mísírì wa mọ̀wé." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ sì máa ń kọrin báyìí tí ẹ bá ń ránṣọ. Ẹ jẹ́ ká dúró."

Kí ìyá tó nu ojú tán, ọmọ ti sáré dé etí òkun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá Ọkọ̀. Ẹ bi Màámi ní ìbéèrè kan lóṣù méjì sẹ́yìn. 'Bẹ́ẹ̀ ni' ni ìdáhùn rẹ̀. Àmọ́ mi ò ní máa pè yín ní Dádì o."

Ọkùnrin náà wo ìyá tó ń sáré bọ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Ta ló rán an níṣẹ́?" Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Àmọ́ bó ṣe wí yẹn náà ni."

Ọ̀gá Ọkọ̀ jókòó sórí iyanrìn, òòlù lọ́wọ́, ó bú sẹ́kún. Ọmọ náà wò ó títí, ó wá jókòó tì í.

"Ó tó, ẹ dákẹ́," ó ní. "Ẹ dìde, patákó Màámi wúwo, èmi nìkan ò lè gbé e padà sókè."